Èsì Tí A Kò Béèrè

Toheebat fi ewé kẹrìndínlógójì ránṣẹ́, ó sì gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà kí ó má bàa tẹ ohun tí kò yẹ. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé yẹn ló ti wà nínú ilé àyẹ̀wò náà ní Ayétòrò, òun nìkan. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ògiri. Búrẹ́dì tó rà ní gáréèjì ṣì wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì tú u.

"Ó ń lọ lọ́wọ́," ni kọ̀ǹpútà òkè òkun dáhùn.

Ó dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ètò rẹ̀ tún béèrè.

"Ó ń lọ lọ́wọ́."

Kì í ṣe ewé gidi ló ń fi ránṣẹ́. Ewé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n já ní oko àwọn àgbẹ̀ láti Ìmẹ̀kọ títí dé Ìwòyè-Kétu, mọ́kànlélọ́gọ́ta lápapọ̀, nítorí àrùn kan tó ń fara pamọ́ sínú igi fún oṣù púpọ̀ kí ewé tó ká kò. Oko tí wọ́n bá rí i nínú rẹ̀, sísun ni wọ́n ń sun ún. Ẹ̀rọ ti ka inú ewé kọ̀ọ̀kan, ó sì ti sọ ohun tó kà di ọ̀wọ́ lẹ́tà gígùn, A àti C àti G àti T, tí kò sí ojú èèyàn tó lè tú u. Ṣùgbọ́n ilé-ìkójọ kan wà ní òkè òkun tí àwọn onímọ̀ ti kó irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ sí láti ara gbogbo ohun abẹ̀mí: igi, kòkòrò, ẹranko, àrùn. Ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣí ojú ìwé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó máa fi tirẹ̀ wé tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn mìíràn sílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà nìkan ń gbà. Kọ̀ǹpútà rẹ á lọ bá tiwọn, á fi ímeèlì rẹ hàn bí àlejò ṣe ń sọ orúkọ lẹ́nu ọ̀nà, á fi ìbéèrè lélẹ̀. Wọ́n á fún un ní nọ́ńbà. Á máa fi nọ́ńbà yẹn padà lọ béèrè títí wọn yóò fi sọ pé iṣẹ́ ti parí. Òfin wọn kò le: má fi ju ọgbọ̀n ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, má sì da ìbéèrè lù wọ́n.

Toheebat fúnra rẹ̀ ló kọ ètò tó ń rin ìrìn àjò yìí. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní kíláàsì. Ìwé tí ilé-ìkójọ náà ń fi ránṣẹ́ sí i ló fi kọ́ ọ, lọ́dún méjì, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́.

Ó yẹ kí iṣẹ́ náà ti parí láti oṣù tó kọjá. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti parí. Àwọn tó ń náwó sí i ló kọ̀wé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé kí ó fi nọ́ńbà èsì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ kí àwọn lè tọ́jú rẹ̀. Ohun kékeré ni wọ́n béèrè. Ṣùgbọ́n ewé mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà lọ́wọ́ Toheebat, nọ́ńbà mẹ́tàlélógún péré ló ní.

Méjìdínlógójì tó kù, kò béèrè wọn rí. Ó dà wọ́n kọ ni.

Nígbà tó ṣe é, kò rí i bí irọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀. Dátà ń tán kí iṣẹ́ tó dé ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí Toheebat kórìíra tó ìfiṣòfò. Ẹni tó bá fi omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa ṣàn ní ilé àyẹ̀wò náà á gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó wá ro ilé wọn ní Ìlárá. Ní Ìlárá, wọn kì í ta igi ẹ̀gẹ́ láàrin ẹbí. Ẹni tó fẹ́ gbìn á lọ gé e ní oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àbúrò á gé e ní oko tirẹ̀, títí tí gbogbo ẹ̀gẹ́ agboolé kan á fi jẹ́ ọmọ igi kan. Kí ló dé tí a ó fi béèrè ohun kan náà nígbà mẹ́ta? Ó kọ ìlà kan kún ètò náà: bí ewé kan láti agboolé kan bá ti ní èsì, kí ó da èsì náà kọ fún gbogbo ewé tó kù ní agboolé ọ̀hún. Ìlà kan ṣoṣo. Inú rẹ̀ dùn sí i lọ́jọ́ náà.

Ó ti yọ ìlà náà báyìí. Ohun tó jókòó ṣe láti òwúrọ̀ ni pé kó fi nọ́ńbà dí àwọn ihò náà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Márùndínlógójì ti wọlé, gbogbo wọn sì bá èyí tó dà kọ mu. Ó ti ń mí dáadáa.

"Ó ti parí," ni kọ̀ǹpútà náà wí.

Ó ṣí èsì kẹrìndínlógójì. Orúkọ àrùn náà ló yẹ kó wà lókè. Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ló wà lókè, ẹ̀gẹ́ ló tẹ̀lé e, ẹ̀gẹ́ títí dé ìsàlẹ̀. Ewé tó mọ́ ni.

Ó fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró. Bákan náà ló rí. Ó gbé e lọ sí ilé-ìkójọ mìíràn, bákan náà ni àwọn yẹn náà sọ. Nígbà náà ló wo orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Mẹ̀dínátù, agboolé Bàrúwà, Ìwòyè-Kétu.

Ó dìde, ó lọ fa dúrọ́ọ̀ tí wọ́n kó ìwé àwọn àgbẹ̀ sí. Ìwé Mẹ̀dínátù wà níbẹ̀, Nàfíù tó ń já ewé lóko ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ibi tí wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí, ó kọ ọ́ pé: "Igi ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ wá láti ilé bàbá rẹ̀ ní Kétu, lódìkejì bọ́dà. Ó gbé e wá nígbà tó ṣe ìyàwó."

Ìwé yẹn ti wà nínú dúrọ́ọ̀ náà láti oṣù méjì. Toheebat kò kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí ètò rẹ̀ kò lo ibẹ̀.

Ó pe Nàfíù.

"Àǹtí kọ̀ǹpútà!" Nàfíù ń rẹ́rìn-ín. "Sátidé náà tún bá yín níbi iṣẹ́? Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, kí kọ̀ǹpútà yẹn lè sinmi."

"Ẹ̀gbọ́n, oko Mẹ̀dínátù ní Ìwòyè. Ẹ ti sun ún?"

"Ìyá Afeezat? Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ohun tó yẹ kó jẹ́ gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Obìnrin yẹn lágídí bí ewúrẹ́. Ó ti gé ìdì méjì pamọ́ kí n tó débẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀ fún mi lánàá. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló kó o sí, Toheebat, ó ń sùn lé e lórí! Mo ń lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án yìí. Màá sun ún lójú gbogbo wọn kí ẹlòmíràn má bàa dán an wò."

"Ẹ má lọ."

"Kí ló dé?"

Jẹnẹrétọ̀ ń kùn. Toheebat wo ọ̀rá búrẹ́dì náà bí ẹni pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

"Kò sí àrùn kankan nínú ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Mi ò béèrè tirẹ̀ nígbà yẹn. Èsì bàbá ọkọ rẹ̀ ni mo dà kọ sí i lórí."

Nàfíù kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mo sọ fún yín. Mo dúró lójú oko yẹn, mo pè yín. Mo ní ewé obìnrin yìí tutù minimini. Kí lẹ dá mi lóhùn?"

"Mo ní kọ̀ǹpútà kì í purọ́."

"Ẹ ní kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Èmi náà sì lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú ẹnu ara mi. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe obìnrin náà báyìí? Ìyàwó bọ́ǹjúù, nítorí Faransé tí wọ́n ń sọ nílùú rẹ̀. Wọ́n ní òun ló fi igi ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ òdìkejì kó àrùn wọ agboolé. Bàbá Bàrúwà sọ níṣojú mi pé ìdí nìyí tí ìjọba fi ti bọ́dà. Ó ti ní kó máa dáná tirẹ̀ lọ́tọ̀ lẹ́yìn ilé. Ọkọ rẹ̀ wà ní Èkó, kò sí ẹni tó bá a dá sí i."

"Èsì ti Bàbá fúnra wọn ńkọ́? Wọ́n mọ̀ pé àrùn wà nínú tiwọn?"

"Wọ́n mọ̀. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ràn wọ́n. Mi ò lọ síbẹ̀ mọ́."

Toheebat gbé fóònù sílẹ̀. Ó jókòó, ó fi ewé méjì tó kù ránṣẹ́, ó sì dúró dè wọ́n. Àwọn méjèèjì bá èyí tó dà kọ mu. Mẹ́tàdínlógójì nínú méjìdínlógójì ló bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìmọ̀ ló mú wọn bọ́ sí i, Toheebat sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó dijú sọ̀kò sínú ọjà ni, tí òkúta náà ba ẹnì kan ṣoṣo.

Ó ń kọ ímeèlì lọ́wọ́ nígbà tí Dókítà Akínladé wọlé. Òun ni ọ̀gá iṣẹ́ ìwádìí náà, ọkùnrin tó ti ń sún mọ́ ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, tó máa ń wá ní Sátidé láti wá omi tútù mu nínú fìríìjì.

"Toheebat. O ò ní ilé ni?"

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mo fẹ́ kí ẹ wo nǹkan kan."

Ó fi hàn án. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ìlà tó kọ kún ètò pamọ́, kò fi ìwé inú dúrọ́ọ̀ pamọ́. Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Ọ̀kan nínú mọ́kànlélọ́gọ́ta," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Oko ti jóná. Bí o bá kọ ìwé sí gbogbo ayé lónìí, ṣé yóò tún hù?"

"Rárá, sà."

"Ó dára. Fi èsì tuntun sí àyè rẹ̀. Fi àwọn nọ́ńbà sí i. Ohun tó wà nínú ìwé yóò jẹ́ òótọ́, a ó sì ti tún un ṣe. Kí ló kù?" Ohùn rẹ̀ kò le. Bí bàbá tó ń fi ọ̀nà àbùjá han ọmọ ló ṣe ń sọ̀rọ̀. "Bí wọ́n bá gbọ́ pé a da èsì kọ, wọn ò ní béèrè bóyá ọ̀kan ni tàbí ogójì. Wọ́n á dá iṣẹ́ náà dúró. Èèyàn mẹ́rin ló ń jẹun lórí rẹ̀. Ìwọ náà wà níbẹ̀."

Toheebat ti ro gbogbo èyí kí Dókítà tó dé. Ọ̀nà náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé náà kò ní rí àpá kankan.

"Sà, kì í ṣe inú ìwé ni wọ́n ti ka ti àkọ́kọ́ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n Nàfíù kà á sókè ní agboolé wọn."

"Lọ ṣàlàyé fún obìnrin náà nígbà náà. Ní kọ̀rọ̀. Bẹ̀ ẹ́."

"Màá lọ. Ṣùgbọ́n mo ti ń kọ ọ́, sà."

Dókítà wo ojú kọ̀ǹpútà náà. "Bí o bá máa fi í ránṣẹ́, orúkọ tìrẹ ni kó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èmi ò kà á." Ó mú ìgò omi rẹ̀, ó sì jáde.

Ó kọ ọ́ parí:

"Nínú èsì mọ́kànlélọ́gọ́ta tí mo fi ránṣẹ́ ní oṣù tó kọjá, mi ò béèrè méjìdínlógójì. Mo dà wọ́n kọ láti ara èsì àwọn tí wọ́n jọ ń gbé agboolé. Mo ti béèrè gbogbo wọn lónìí, nọ́ńbà wọn sì wà nínú ìwé tó tẹ̀lé èyí. Ọ̀kan yàtọ̀ sí ohun tí mo kọ. Wọ́n ti sun oko ẹni náà nítorí rẹ̀. Ilé-ìkójọ kò ṣe àṣìṣe, òṣìṣẹ́ oko kò ṣe àṣìṣe. Èmi ni. Toheebat Ọdẹkúnlé."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó fi í ránṣẹ́. Ó tẹ èsì Mẹ̀dínátù sórí ìwé, ó pa jẹnẹrétọ̀, ó sì lọ wọ mọ́tò Ìmẹ̀kọ.

Láti Ìmẹ̀kọ dé Ìwòyè, ọ̀kadà ló gbé e. Oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti ti bọ́dà, wọ́n sì ti ní kí wọ́n má gbé epo wá sí àwọn ilé epo tó sún mọ́ ọn mọ́, nítorí náà ọlọ́kadà ń fi ẹnu tọrọ gáfárà bó ṣe ń dárúkọ iye tó fẹ́ gbà.

"Kì í ṣe èmi, àǹtí mi, epo ni. Epo tó wà nínú táǹkì yìí, mo mọ orúkọ ìyá ẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá wọn dúró lọ́nà. Níbi ìkẹta, kọ́sítọ́ọ̀mù kan ní kí Toheebat ṣí báàgì rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Ìwé àyẹ̀wò ni, sà. Ti ẹ̀gẹ́."

"Ẹ̀gẹ́ tún ń ṣe àyẹ̀wò? Kò sí ìrẹsì nísàlẹ̀ ẹ̀?"

"Kò sí, sà."

"Ẹni tí kò gbé ìrẹsì tí ojú rẹ̀ wá rí báyìí," ni ọkùnrin náà wí fún ẹnì kejì rẹ̀, "ó ní ohun mìíràn tó jí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ́ kí ó kọjá.

Agboolé Bàrúwà kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí. Àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ìrun alásárì. Ọmọbìnrin kan tó ń fọ abọ́ ló nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé nígbà tí Toheebat béèrè Ìyá Afeezat.

Mẹ̀dínátù ń fẹ́ná. Obìnrin tínrín ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Òkúta mẹ́ta tó fi ṣe àdògán ṣì funfun lápá kan, èéfín kò tíì dú wọn tán. Toheebat kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Toheebat lorúkọ mi. Láti Ayétòrò ni mo ti wá, níbi tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ewé."

Obìnrin náà kò sọ pé kó dìde. "Ẹ ti sun ún tán. Kí lẹ tún wá sun?"

"Mi ò wá sun nǹkan kan. Ẹ̀gẹ́ yín ò ní àrùn, mà. Kò ní in rí. Èmi ni mo kọ ọ́ pé ó ní in."

Mẹ̀dínátù gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Iná náà jó fúnra rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

"Báwo lo ṣe kọ ọ́?"

Toheebat gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ó sọ nípa kọ̀ǹpútà tó ń bi kọ̀ǹpútà, nípa òkè òkun, nípa dátà, nípa bí òun ṣe rò pé ẹ̀gẹ́ agboolé kan, igi kan náà ni. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń gbọ́ bí ó ṣe rí létí ẹni tí kò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rí. Ó gé e kúrú.

"Ní ìlú wa, inú ẹbí la ti ń gé igi ẹ̀gẹ́. Mo rò pé bákan náà ni tiyín."

"Bákan náà ni," ni Mẹ̀dínátù wí. "Ṣùgbọ́n ìyàwó ni mí. Ìyá mi ló di igi yẹn fún mi ní Kétu, ogún igi, ó fi aṣọ tútù wé ìdí rẹ̀. Ó ní kí n má wọ ilé ọkọ lọ́wọ́ òfo. Ọdún méjìlá ni mo fi gbìn ín. Ìyá mi ti kú." Ó wo Toheebat. "O bi ẹni tó wà ní òkè òkun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo wà nílé. Ilé yìí náà ni mo wà. Ká ní o bi mí, màá sọ fún ọ."

Toheebat nawọ́ ìwé àyẹ̀wò náà sí i. Mẹ̀dínátù kò gbà á.

"Ta ni yóò kà á? Àwọn tó ń pè mí ní ìyàwó bọ́ǹjúù, wọn kò kà á nínú ìwé. Etí ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Dìde. Máa bọ̀."

Ó mú un gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde sí iwájú, níbi tí Bàbá Bàrúwà jókòó sí lórí àga pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó ilé mẹ́ta ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá àgbà, ìyá Bàbá, jókòó sórí ẹní lábẹ́ ògiri, ó gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ lé orúnkún. Mẹ̀dínátù dúró. Kò kúnlẹ̀, kò pariwo.

"Bàbá, ọmọ yìí ti Ayétòrò wá. Ó ní ohun tó fẹ́ sọ."

Toheebat tún kúnlẹ̀. Ó ti rò pé ohun tó le jù ni ímeèlì yẹn. Ó rí i báyìí pé ìyẹn rọrùn, nítorí ímeèlì kò ní ojú.

"Bàbá, èmi ni mo ka ewé ẹ̀gẹ́ yín lórí kọ̀ǹpútà. Ti Ìyá Afeezat mọ́. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò nígbà àkọ́kọ́. Èsì tiyín ni mo kọ sí i lórí. Kì í ṣe òun ló kó àrùn wá."

Àwọn tó ń bó ẹ̀gúsí dáwọ́ dúró.

"Inú ti ta wá ni àrùn wà?" ni Bàbá béèrè.

"Tiyín, sà. Ti àwọn oko tó ti ara tiyín gé igi. Tirẹ̀ nìkan ni kò ní in."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà, àbúrò ọkọ Mẹ̀dínátù, fò sókè. "Irọ́ ni! Ta ló mọ ohun tó fún un lẹ́yìn ilé?"

"Kí ni mo ní tí màá fún un?" ni Mẹ̀dínátù wí. "Ìwọ lo mọ ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, sọ ohun tó kù níbẹ̀."

Ìyàwó ilé kan bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ìborùn bo ẹnu. Ọkùnrin náà jókòó.

Bàbá Bàrúwà ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mì. "Ẹ̀yin ọmọ ìwé," ló wí nígbà tó yá. "Ẹ sọ fún wa pé ó wà, a gbà. Ẹ sọ fún wa pé kò sí, a tún gbà. Kí ni ká wá ṣe sí oko tó ti jóná?"

"Mi ò mọ̀, sà. Mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀."

"Ó ní kí ni?" Ìyá àgbà ló sọ̀rọ̀. Ó ti fi ọwọ́ sétí. "Kí ni ọmọ yẹn ń wí?"

"Kò gbọ́," ni Mẹ̀dínátù wí. "Lọ sọ fún un. Ìyá bàbá ọkọ mi ni, kò sì tíì jẹ oúnjẹ mi láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Sọ ọ́ sí i létí."

Toheebat rìn lórí orúnkún dé ẹ̀gbẹ́ ẹní náà, ó fi ẹnu sí etí ìyá arúgbó náà, ó sì ké e, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ìyá! Ẹ̀gẹ́ Mẹ̀dínátù kò ní àrùn! Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn!"

Ọ̀rọ̀ náà rìn jìnnà. Àwọn tó ń kọjá lọ́nà mọ́ṣáláṣí dúró wò. Toheebat gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Láti àárọ̀, "àṣìṣe" ló ti ń pè é. Kò tún un sọ.

Ìyá àgbà wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun mú. Ó gbé àwo rẹ̀. Ó kọjá níwájú ọmọ rẹ̀ láì wò ó, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé, ó sì forí lé ẹ̀yìn ilé níbi tí iná Mẹ̀dínátù wà.

Mẹ̀dínátù dúró títí tí ìyá náà fi kọjá igun ilé.

"Mo fẹ́ bá yín gbin ìdì méjì tó kù," ni Toheebat wí fún un. "Òjò kò ní pẹ́ dáwọ́ dúró."

"Rárá. Ọwọ́ mi tó o." Ó ti ń yí padà. "Máa lọ. Àwọn ṣọ́jà kì í jẹ́ kí ọ̀kadà kọjá lẹ́yìn aago mẹ́fà."

Ó lọ bá ìyá àgbà.

Toheebat dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún. Ó fi ìwé àyẹ̀wò náà lé orí ẹní tí ìyá àgbà fi sílẹ̀, ó gbé òkúta kékeré kan lé e kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Ó kí Bàbá Bàrúwà pé ó dàbọ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì jáde sójú ọ̀nà, níbi tí ọlọ́kadà ti pa ẹ́ńjìnnì kí epo má bàa ṣòfò.